Ọlọ́pàá tó bá sá eré àsápajúdé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òfin àti ìbáwí

Ojú ewé yìí wà fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ti fi eré gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lójú títì rí, tí wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò mú ẹni tó ń mú ni. Òfin Scotland yàtọ̀ ní àwọn ibì kan, a kò sì ní fi ọwọ́ kàn án níbí. Yàtọ̀ sí ibì kan tí a ti sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ni gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ dá lé.

Ṣé òfin fún ọlọ́pàá láyè láti sáré kọjá iye tí wọ́n kọ sójú ọ̀nà?

Ó fún wọn láyè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló fún láyè, kì í ṣe ènìyàn. Abala 87 nínú òfin ìrìnnà ojú pópó tí wọ́n ṣe ní ọdún 1984 sọ pé iye eré tí ìjọba fi lélẹ̀ kò de ọkọ̀ tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ panápaná, iṣẹ́ gbígbé aláìsàn tàbí iṣẹ́ ọlọ́pàá, bí pípa òfin eré mọ́ ní àsìkò náà yóò bá dí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe lọ́wọ́. Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pàdé kí ọlọ́pàá tó lè sá sábẹ́ abala yìí. Èkíní ni pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ọkọ̀ náà ń ṣe ní wákàtí yẹn. Èkejì ni pé iṣẹ́ náà yóò bàjẹ́ tàbí kí ó pẹ́ bí awakọ̀ bá rọra rìn. Ọlọ́pàá tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n kun ní àwọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé oúnjẹ ọ̀sán ló ń sáré lọ rà, kò ní ààbò kankan lábẹ́ òfin yìí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Òfin eré nìkan ni abala 87 yọ wọ́n kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ òfin tó lòdì sí wíwa ọkọ̀ ní ọ̀nà tó léwu tàbí láìfiyèsí. Ọlọ́pàá tí wọ́n pè síbi tí olè ti ń fọ́lé lè sáré ju iye tí wọ́n kọ sójú ọ̀nà lọ láìdẹ́ṣẹ̀, kí ó sì tún dẹ́ṣẹ̀ ńlá bí ó bá fi eré náà wọ àárín àwọn ọmọdé tó ń jáde ní ilé-ìwé.

Ṣé dandan ni kí ó tan iná búlúù, kí ó sì fun fèrè?

Abala 87 kò dárúkọ iná tàbí fèrè rárá. Ó sì nídìí, nítorí ọlọ́pàá tó ń tẹ̀lé ọ̀daràn ní ìkọ̀kọ̀ kò lè máa kéde ara rẹ̀ fún un. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ọ̀gá tàbí adájọ́, ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi awakọ̀ ni ìdí tí kò fi tan iná, bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ kánjúkánjú bí ó ṣe wí.

Báwo ni kámẹ́rà ṣe ń mú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ta ló sì ń pinnu bóyá awakọ̀ jẹ̀bi?

Kámẹ́rà kò mọ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ó ya àwòrán ọkọ̀ tó sáré, ó kọ iye eré àti àkókò sílẹ̀, àwòrán náà sì lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ pé wọ́n lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ní ti ọkọ̀ iṣẹ́, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Lábẹ́ abala 172 òfin ìrìnnà ọdún 1988, iléeṣẹ́ náà ní ọjọ́ 28 láti sọ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀.

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà, nítorí pé akọsílẹ̀ pọ̀ tí wọ́n lè fi wádìí òtítọ́. Ìwé tí awakọ̀ bu ọwọ́ lù kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ wà. Àkókò tí wọ́n pè é lórí rédíò àti ìdí tí wọ́n fi pè é wà lórí kọ̀ǹpútà ibùdó ìpè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọlọ́pàá sì ní ẹ̀rọ kan nínú tó ń kọ iye eré sílẹ̀, tó ń kọ ìgbà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì, tó sì ń kọ bóyá iná búlúù ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá fi hàn pé ìpè pàjáwìrì ni awakọ̀ ń jẹ́, wọn yóò fagi lé ẹ̀sùn náà. Bí kò bá sí ìpè kankan, orúkọ awakọ̀ ni wọn yóò fi ránṣẹ́, tirẹ̀ ni yóò sì gbà bí ti gbogbo ènìyàn.

Ìyà wo ni òfin fi ń jẹ ọlọ́pàá tí kò ní àlàyé?

Ìyà kan náà tó ń jẹ gbogbo wa. Èyí tó kéré jù lọ ni owó ìtanràn 100 pọ́n-ùn pẹ̀lú póìǹtì mẹ́ta lórí ìwé ìwakọ̀, tàbí kí wọ́n ní kí ó lọ jókòó gba ẹ̀kọ́ nípa eré bí ohun tó fi kọjá iye náà kò bá pọ̀. Bí eré náà bá ga, ó di ti ilé-ẹjọ́. Ẹni tó sá eré máìlì 51 ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí wọ́n kọ 30 sí, tàbí máìlì 101 sókè lórí ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n kọ 70 sí, ti bọ́ sí ìpele tó burú jù. Ní ìpele yìí, owó ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ni adájọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ìtanràn, ó sì lè gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Póìǹtì 12 láàárín ọdún mẹ́ta sábà máa ń mú kí wọ́n fòfin de ènìyàn láti má wakọ̀ mọ́ fún àkókò kan.

Àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tún ní ohun mìíràn láti bẹ̀rù. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba ìwé ìwakọ̀ yóò pàdánù rẹ̀ bí póìǹtì rẹ̀ bá di mẹ́fà, yóò sì padà lọ ṣe ìdánwò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá tí kò lè wakọ̀ kò tíì pàdánù iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n lè fún un ti dín kù púpọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ ló wà, lọ́jọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́?

Kò sí iṣẹ́ ọlọ́pàá tó ń ṣe, nítorí náà kò sí abala 87. Ìwé iṣẹ́ tó wà ní àpò rẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan lójú ọ̀nà. Síwájú sí i, ìlànà ìwà tó de gbogbo ọlọ́pàá sọ ọ́ di dandan fún un láti lọ sọ fún iléeṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá gbé ìgbésẹ̀ kankan sí i nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó ta ko òfin. Àwọn kan gbàgbé èyí tàbí kí wọ́n fojú fò ó, wọ́n sì wá rí i pé ohun tí wọn kò sọ di ẹ̀sùn kejì tó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbà wo ni eré sísá ń kúrò ní ọ̀ràn ìtanràn, tó ń di ọ̀ràn ìbáwí níbi iṣẹ́?

Ọ̀nà méjì ni ọ̀ràn yìí máa ń gbà lọ, wọ́n sì lè máa lọ pọ̀. Ọ̀kan ni ti ilé-ẹjọ́. Èkejì ni ti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, tí ìlànà ìwà ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ń darí. Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló ń dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Ọlọ́pàá tó sá eré máìlì 37 níbi tí wọ́n kọ 30 sí, tó gbà pé òun jẹ̀bi, tó sì san owó rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá rẹ̀ kàn pè é jókòó, kí wọ́n jọ yẹ ohun tó ṣe wò, kí wọ́n sì kọ ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìyà. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí gbogbo àṣìṣe kékeré bá ń sọ ènìyàn di aláìníṣẹ́, gbogbo wọn ni yóò kọ́ bí a ṣe ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlànà náà pín ọ̀ràn sí ìpele méjì. Ìwà àìtọ́ ni èyí tó tó fi ìbáwí yanjú, ìwà àìtọ́ tó burú jáì sì ni èyí tó tó lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ máa ń parí sí ìpàdé kan níwájú ọ̀gá, níbi tí wọ́n ti lè fún un ní ìwé ìkìlọ̀ tí yóò wà lórí rẹ̀ fún oṣù 18, tàbí ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn tí yóò wà lórí rẹ̀ fún ọdún méjì. Ti èkejì máa ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń jókòó gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́. Láti ọdún 2015 ni ìgbìmọ̀ yìí ti ń jókòó ní gbangba, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà láti ti ilẹ̀kùn. Ìgbìmọ̀ yìí lè fún un ní ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn, ó lè fà á wálẹ̀ láti ipò tó wà, ó sì lè lé e lọ lójú ẹsẹ̀ láìfún un ní ọjọ́ kankan láti palẹ̀ mọ́.

Ohun tí wọ́n máa ń gbé yẹ̀ wò kò mọ sórí iye máìlì nìkan. Wọ́n ń wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago mélòó, bóyá òjò ń rọ̀, bóyá ènìyàn wà lójú ọ̀nà, irú ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tó ti gbà, àti bóyá wọ́n ti kìlọ̀ fún un rí. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti sáré tó tún fi eré dẹ́ṣẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ ewu tó wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lé àwọn kan lọ nítorí eré kékeré, tí àwọn tó sáré jù wọ́n lọ sì wà lẹ́nu iṣẹ́?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Irọ́ ni. Tí ìwé bá dé tó ń béèrè pé ta ló wakọ̀, ọ̀nà tó rọrùn lójú ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni kí ó kọ orúkọ ẹlòmíràn, kí ó sọ pé òun kò rántí, tàbí kí ó sọ pé ìpè pàjáwìrì ni òun ń jẹ́ nígbà tí kò sí ẹni tó pè é. Eré tó sá lè jẹ́ 100 pọ́n-ùn péré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá parọ́ kí òfin má bàa mú un ti bọ́ sínú ẹ̀ṣẹ̀ dídí ìdájọ́ òdodo lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n sì ni wọ́n sábà máa ń fi san án. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rántí dáadáa pé ní ọdún 2013, mínísítà àná kan, Chris Huhne, lọ sẹ́wọ̀n nítorí póìǹtì eré tó gbé lé ìyàwó rẹ̀ lórí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí òfin bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí mínísítà, kí ni ọlọ́pàá fẹ́ sọ?

Ní ìdí mìíràn, ìwà òtítọ́ ló gba ipò àkọ́kọ́ nínú ìlànà ìwà ọlọ́pàá. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti dúró níwájú adájọ́ kí ó sì jẹ́rìí, ẹ̀rí rẹ̀ sì lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ẹni tí wọ́n ti mú pé ó parọ́ lórí ìwé kámẹ́rà, agbẹjọ́rò wo ni kò ní fa ọ̀rọ̀ náà yọ lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ jẹ́rìí? Fún ìdí yìí, bí ìgbìmọ̀ bá ti rí irọ́, lílé lọ ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, eré ì báà kéré tó báwo.

A gbọ́ pé ọlọ́pàá kan sá eré máìlì 159, tí wọ́n sì ní kò jẹ̀bi. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé wọ́n kọ́kọ́ dá a láre, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ọlọ́pàá kan láti iléeṣẹ́ West Mercia wa ọkọ̀ iṣẹ́ tuntun dé eré máìlì 159 ní wákàtí kan lórí ọ̀nà márosẹ̀ M54, láàárín òru. Kò sí ẹni tó ń lé. Àlàyé rẹ̀ ni pé òun ń fi ọkọ̀ náà kọ́wọ́, kí òun lè mọ bí ó ṣe ń ṣe kí ọjọ́ iṣẹ́ gidi tó dé. Ní ọdún 2005, adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a sílẹ̀. Ariwo sọ, ilé-ẹjọ́ gíga ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, ní ọdún 2006 sì ni wọ́n dá a lẹ́bi wíwa ọkọ̀ ní ọ̀nà tó léwu, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìyà kankan jẹ ẹ́.

Iye 159 ni gbogbo ìwé ìròyìn gbé jáde, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló dẹ́rù bà mí jù nínú ẹjọ́ náà. Ní òru ọjọ́ kan náà, ó sá eré máìlì 84 lójú ọ̀nà tí wọ́n kọ 30 sí. Ọ̀nà márosẹ̀ ní òru lè dá páropáro. Ọ̀nà tí wọ́n kọ 30 sí ni ọ̀nà tí ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè òfin tó jẹ yọ nínú ẹjọ́ yẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé adájọ́ lè ro ti pé ọ̀gá awakọ̀ ni ẹni yìí, tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti ẹlòmíràn lọ? Ní ọdún 2007, ilé-ẹjọ́ gíga ní ó lè rò ó. Ní ọdún 2009, nínú ẹjọ́ ọlọ́pàá mìíràn, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní rárá, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo awakọ̀.

Ṣé òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ṣì ń lò?

Wọ́n ti yí i padà. Òfin tuntun kan lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ìwà ọ̀daràn àti ilé-ẹjọ́, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022, sọ pé bí ọlọ́pàá bá ń wakọ̀ fún iṣẹ́, tó sì ti gba ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí òfin là sílẹ̀, ọlọ́pàá tó mọṣẹ́, tó ń ṣọ́ra, tó sì gba irú ẹ̀kọ́ kan náà ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ṣáájú rẹ̀, bí a bá fi awakọ̀ lásán wọn ẹni tó ń lé olè, kò sí bí kò ṣe ní jẹ̀bi, nítorí awakọ̀ lásán kì í lé olè. Àtúnṣe náà tọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé àṣẹ eré ni. Ọlọ́pàá tó mọṣẹ́ tó sì ń ṣọ́ra mọ ìgbà tó yẹ kí òun jáwọ́ nínú lílé ènìyàn, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò tíì kúnjú òṣùwọ̀n náà.

Bí ènìyàn bá kú ńkọ́?

Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kò ní ẹ̀tọ́ láti dá wádìí irú rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dandan ni kí wọ́n gbé e lọ síwájú IOPC, àjọ olómìnira tó ń ṣe ìwádìí ìwà ọlọ́pàá, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ IPCC, àjọ tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 2018. Bí wọ́n bá rí i pé wíwa ọkọ̀ ní ọ̀nà tó léwu ló pa ẹni náà, láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ẹ̀wọ̀n gbére ti di ìyà tó ga jù lọ fún un. Ọdún 14 ni tẹ́lẹ̀.

Ṣé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀? Amẹ́ríkà ńkọ́?

Florida ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, obìnrin ọlọ́pàá kan tó ń ṣọ́ ọ̀nà márosẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà rí ọkọ̀ ọlọ́pàá Miami kan tó ń sá eré máìlì 120. Ó lé e, ó dá a dúró, ó sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Awakọ̀ náà ní òun ti pẹ́ síbi iṣẹ́ mìíràn tí òun ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní ọdún 2012, iléeṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ.

Àwọn akọ̀ròyìn méjì ní ìwé ìròyìn Sun Sentinel, Sally Kestin àti John Maines, wá béèrè pé ṣé ẹni kan ṣoṣo ni. Wọn kò gbé kámẹ́rà lọ sójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ kékeré tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi ń san owó ojú ọ̀nà máa ń kọ àkókò tí ọkọ̀ kọjá ní ibùdó ìgbowó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n wọn bí ibùdó kan ṣe jìnnà sí èkejì, wọ́n sì fi àkókò pín ọ̀nà náà. Ẹni tó bá yára dé ibùdó kejì ju bí òfin ṣe gbà lọ, kò sí àwíjàre fún un pé kámẹ́rà ló ṣìṣe. Ọlọ́pàá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 láti iléeṣẹ́ bíi 12 ni wọ́n rí tó ń sá eré máìlì 90 sí 130, púpọ̀ nínú wọn kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ni wọ́n ń lọ tàbí wọ́n ń ti ilé bọ̀. Wọ́n tún rí i pé láti ọdún 2004, eré ọlọ́pàá ti fa ìjàǹbá ọkọ̀ tó tó 320 ní Florida, ènìyàn 19 sì ti kú, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló lọ sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn tí ìròyìn náà jáde ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀pọ̀ wọn wí. Ìwé ìròyìn náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2013.

Ohun tí wọ́n ṣe sí obìnrin tó mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dùn mí jù. Àwọn ọlọ́pàá bíi 88 wọ inú àkọsílẹ̀ ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ìjọba ní ohun tó lé ní ìgbà 200, láìsí iṣẹ́ kankan tó gbé wọn débẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè é lórí fóònù láti dẹ́rù bà á. Ó ní láti pè wọ́n lẹ́jọ́. Níbi tí ẹni tó pa òfin mọ́ bá ti ń jìyà ju ẹni tó rú u lọ, kò sí ìlànà ìbáwí tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ó ti wù kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa tó.

Ṣé ọlọ́pàá lè fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ìbáwí má bàa dé bá a?

Tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017, bí ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ tó burú jáì bá wà lọ́rùn rẹ̀, ìgbìmọ̀ lè máa bá ẹjọ́ náà lọ lẹ́yìn tó ti kúrò. Bí wọ́n bá ní lílé ni wọn ì bá lé e ká ní ó dúró, orúkọ rẹ̀ yóò wọ ìwé àwọn tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kankan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales kò gbọ́dọ̀ gbà síṣẹ́ mọ́.

Mo rí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń sá eré tó léwu. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti páàkì: ọjọ́, aago, ojú ọ̀nà, apá ibi tí ọkọ̀ náà kọrí sí, nọ́ńbà rẹ̀ tàbí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, bóyá iná búlúù wà ní títàn, àti ewu tí ẹ rí. Ẹ má ṣe di fóònù mú nídìí ọkọ̀ láti ya fídíò, nítorí ẹ̀yin gan-an ni wọn yóò fi póìǹtì mẹ́fà sí lórí. Ẹ lè kọ ẹ̀sùn náà sí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tó ni ọkọ̀ náà, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ láti ojú ewé IOPC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò sì gbé e lọ fún iléeṣẹ́ náà. Kò di dandan kí ọkọ̀ náà kọlù yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ lè fi ẹ̀sùn kàn. Bí bàbá tàbí ìyá yín kò bá lè kọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní ìwé àṣẹ láti ṣe é lórúkọ wọn.

Ó lè jẹ́ pé èsì tí wọn yóò fún yín ni pé ìpè pàjáwìrì ni ọkọ̀ náà ń jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Bí èsì náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, lẹ́tà tí wọ́n bá fi parí ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ẹ lè ní kí ó tún un yẹ̀ wò, ọjọ́ 28 lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà náà ni ẹ sì ní láti béèrè.